Osmo Vänskä, Adarí Orin Tó Fìdí Kalẹ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ará ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà kó àsíá orílẹ̀-èdè Fínláǹdì wọ gbọ̀ngán orin ìlú wọn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá wò, kì í sì í ṣe olóṣèlú ni wọ́n wá pàdé. Adarí ọ́kẹ́sítírà kan ni wọ́n ń dúró dè, ọkùnrin ẹni ọdún 61 tó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú, tí wọ́n sì fẹ́ kó padà. Bó ṣe yọ sórí pèpéle, ilé dìde, wọ́n ń fì àsíá funfun tó ní àgbélébùú búlúù náà lọ́tùn-ún lósì. Osmo Vänskä lorúkọ rẹ̀.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ọ̀gá akọrin, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti níta, mo sì ti rí oríṣiríṣi òkìkí tó máa ń bá àwa tí à ń di ọ̀pá ìdarí mú. Ti ẹnì kan, irun àti aṣọ rẹ̀ ló gbé e jáde. Ti òmíràn, fífò lórí pèpéle ni. Ti ẹlòmíì, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àwo orin ló náwó sí i. Irú òkìkí Vänskä yìí kò wọ́pọ̀. Àwọn tó ń fowó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn kankan, kà á sí ẹni tiwọn débi pé wọ́n kojú àwọn aláṣẹ nítorí rẹ̀. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ibì kan náà ni mo sì máa ń bọ́ sí: ọkùnrin yìí máa ń jókòó sójú kan. Ogún ọdún ló fi jẹ́ adarí àgbà ní Lahti, ọdún 19 ló lò ní Minneapolis. Lóòótọ́, ó darí ní Iceland àti ní Glasgow láàárín rẹ̀, ó sì fi ọdún díẹ̀ di ìlú méjèèjì mú pọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ débi pé ohùn àwọn olórin ibẹ̀ á ti yí padà pátápátá kó tó lọ.

1953 ni wọ́n bí i ní Sääminki, ní apá ìlà-oòrùn Fínláǹdì. Afunfèrè ni kó tó di adarí. Kilarinẹ́ẹ̀tì ló ń fun ní ọ́kẹ́sítírà ìlú Turku, lẹ́yìn náà ló di ọ̀kan lára àwọn olórí ìjókòó kilarinẹ́ẹ̀tì nínú Helsinki Philharmonic. Èmi kì í fojú kékeré wo irú ìpìlẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ti jókòó sáàárín ọ́kẹ́sítírà fún ọdún pípẹ́ mọ ohun tí kò hàn sí ẹni tó wà lórí pèpéle. Ó mọ bí èémí ṣe ń tán láyà afunfèrè nígbà tí adarí bá fa orin kọjá ibi tó yẹ. Ó mọ ìgbà tí ojú gbogbo wọn kúrò lára ọ̀pá ìdarí, tí wọ́n ń wo olórí àwọn onífayolíìnì, nítorí pé ọwọ́ adarí kò yé wọn mọ́. Ó sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa adarí nígbà ìsinmi.

Ọ̀dọ̀ Jorma Panula ló ti kọ́ ìdarí, ní Sibelius Academy tó wà ní Helsinki. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Panula, nítorí kò ṣe é fò. Àwọn ènìyàn Fínláǹdì kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5 lọ, wọn ò tó àwọn tó ń gbé Èkó nìkan, síbẹ̀ kò sí orílẹ̀-èdè tó tóbi tó yẹn tó fún ayé ní adarí ọ́kẹ́sítírà bíi tiwọn. Esa-Pekka Salonen darí ọ́kẹ́sítírà Los Angeles láti 1992 di 2009. Sakari Oramo ló gba ipò Simon Rattle ní Birmingham. Jukka-Pekka Saraste, Susanna Mälkki, Mikko Franck, títí dé orí Klaus Mäkelä tí ayé ń pariwo rẹ̀ báyìí, gbogbo wọn ló gba ọwọ́ Panula kọjá. 1930 ni wọ́n bí bàbá náà, ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìdarí orin ní Sibelius Academy láti 1973 sí 1993.

Panula kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ju ọwọ́ níwájú dígí. Ọ́kẹ́sítírà kékeré tòótọ́ ló máa ń kó síwájú wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn á sì jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí kò bá tíì kàn wọ́n láti darí. Kámẹ́rà á máa gbà wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó wo ara wọn, olùkọ́ á sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tán. Ohun tó ń tẹ̀ mọ́ wọn létí ni pé kí adarí ran olórin lọ́wọ́, kó má sì dí i lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti kà nínú ìwé lórí iṣẹ́ yìí. Adarí púpọ̀ ló ń dí orin lọ́wọ́ láìmọ̀: ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ń ṣe ohun kan náà, ẹnu ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ akọrin lẹ́nu, ẹsẹ̀ ń lulẹ̀, àwọn akọrin ò sì ráyè gbọ́ ara wọn mọ́. Bí ẹ bá wo Vänskä, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ ń dúró gan-an bí òpó. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó máa ń fi ọwọ́ gún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe níbẹ̀ tí olórin kan kò nílò ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an.

Ní 1982 ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ adarí ní Besançon, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, ojú ìlú ńláńlá ló máa ń wò. Lahti ni Vänskä lọ. Ó kọ́kọ́ jẹ́ àlejò adarí àgbà fún wọn ní 1985, ó sì gba ipò adarí àgbà ní 1988.

Lahti kì í ṣe Helsinki. Etí adágún Vesijärvi ló wà, nǹkan bí 100 kìlómítà sí àríwá olú-ìlú, ìlú àwọn tó ń fi igi ṣe àga àti tábìlì, tí àwọn ará Yúróòpù mọ̀ dáadáa nítorí ìdíje fífi síkì fò lórí yìnyín. Ọ́kẹ́sítírà ibẹ̀ jẹ́ ti ìlú kékeré, òkìkí rẹ̀ kò sì kọjá ilẹ̀ Fínláǹdì. Gbọ̀ngán tó bójú mu fún gbígba orin sílẹ̀ kò sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, Ristinkirkko, èyí tí Alvar Aalto yàwòrán rẹ̀, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ BIS ti Súídìnì ń gbé ẹ̀rọ lọ láti gbà wọ́n sílẹ̀. Èmi tí mo ti lo ọjọ́ ayé mi lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún olórin: ohùn ń padà wá bá ọ láti ara ògiri, bí o bá sì kánjú, ìlà tó ò ń kọ àti ìlà tó ti kọjá á dàpọ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ sùúrù ní irú ibẹ̀ kì í gbàgbé.

Orin Jean Sibelius, ọmọ Fínláǹdì tiwọn, ni wọ́n fi jáde sáyé. Sibelius kọ kọ́ńsátò kan fún fayolíìnì, wọ́n kọ́kọ́ ta á ní Helsinki ní 1904. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un kọ, ẹ̀dà tuntun náà jáde ní 1905, òun sì ni gbogbo ayé ń ta títí dòní. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Vänskä àti ọ́kẹ́sítírà Lahti ni wọ́n fún láyè láti gbà á sílẹ̀, Leonidas Kavakos ọmọ Gíríìsì ló sì ta fayolíìnì náà. Àwo yẹn gba ẹ̀bùn ìwé ìròyìn Gramophone ní 1991. Gbogbo ẹni tí kò mọ ibi tí Lahti wà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe ti Símfónì Karùn-ún, èyí tí èmi máa ń gbọ́ lemọ́lemọ́. Sibelius fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ darí orin náà ní ọjọ́ tó pé ẹni 50 ọdún, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1915. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i ní 1919. Ẹ̀dà tí a mọ̀ parí pẹ̀lú kọ́ọ̀dù mẹ́fà. Gbogbo ọ́kẹ́sítírà á lu ọ̀kan, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á lu òmíràn, wọ́n á tún dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gùn débi pé olùgbọ́ tí kò mọ orin náà lè pàtẹ́wọ́ sáàárín. Nínú ẹ̀dà ti 1915, ìdákẹ́ náà kò ṣófo báyẹn: àwọn olókùn ń fi ọrun wọn gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ohùn kan ń bá a lọ tó so kọ́ọ̀dù kan mọ́ èkejì. Ọdún mẹ́rin ni Sibelius lò kó tó ní ìgboyà láti yọ ohùn yẹn kúrò. Vänskä gba ẹ̀dà méjèèjì sílẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn á rí ọwọ́ ẹni tó kọ orin níbi tó ti ń pa ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́. Fún adarí, ìparí yẹn jẹ́ ibi tí kò sí àwáwí. Bí o bá kánjú, kọ́ọ̀dù mẹ́fà á di ariwo lásán. Bí o bá fà á jù, agbára á ti jò dànù kí ìkẹfà tó dé. Gbogbo ọ́kẹ́sítírà ló gbọ́dọ̀ jọ ka ìdákẹ́ náà nínú ara wọn, nítorí ọ̀pá ìdarí nìkan kò tó láti mú wọn bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbọ́ bí àwọn ará Lahti ṣe ṣe é. Wọ́n mọ ara wọn.

Ní ọdún 2000, ìlú náà kọ́ gbọ̀ngán tuntun fún ọ́kẹ́sítírà wọn ní etí adágún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ kan. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sibeliustalo, ilé Sibelius. Ìlú tí kò tóbi náwó bẹ́ẹ̀ lórí orin nítorí pé ọkùnrin kan ti bá wọn gbé, ó sì ti fi hàn wọ́n pé ọ́kẹ́sítírà ìlú wọn tó nǹkan.

Bí àwọn tó ń kọ̀wé lórí orin bá ń sọ̀rọ̀ Vänskä, ohun kan kì í kúrò lẹ́nu wọn: orin jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó lè mú ọ́kẹ́sítírà wálẹ̀ débi pé ẹni tó wà ní àga ẹ̀yìn á na ọrùn síwájú. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé jẹ́jẹ́ rọrùn ju kíkan lọ. Rárá o. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ akọrin yín kọ ìlà kan jẹ́jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ ìdánrawò, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Orin á falẹ̀. Ohùn àwọn tẹ́nọ̀ á yọ́ bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí dùrù wà. Ọ̀rọ̀ á di ìkùn. Jẹ́jẹ́ tó dára fẹ́ èémí ju kíkan lọ, ó sì fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí ariwo tí yóò bo ẹni tó ṣìnà. Nínú ọ́kẹ́sítírà, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àwọn onífayolíìnì gbọ́dọ̀ lo ibì kan náà lára ọrun, ìwọ̀n kan náà, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan náà. Afunfèrè gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ohùn láìjẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ dún. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń fi ara rẹ̀ hàn, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Àlejò adarí tó ní ìdánrawò mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré kí àṣehàn tó dé kò ráyè irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tí àkókò rẹ̀ tó ni kó rí i pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì parí pọ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́dọọdún ló lè sọ jẹ́jẹ́ di ìwà ọ́kẹ́sítírà.

Ìyẹn ló gbé lọ sí Minneapolis ní 2003, ọdún tí ọ́kẹ́sítírà ibẹ̀, Minnesota Orchestra, pé 100 ọdún. Ọ́kẹ́sítírà tó lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe bíi ti Lahti. Wọ́n gba símfónì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti Beethoven sílẹ̀ fún BIS. Ní 2010, wọ́n lọ ta Kullervo ti Sibelius ní Carnegie Hall ní New York, Alex Ross tó ń kọ̀wé lórí orin fún New Yorker sì kọ ọ́ pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ní etí tòun, kò sí ọ́kẹ́sítírà tó ju tiwọn lọ láyé. Mo rántí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan dàrú. Àwọn alákòóso ọ́kẹ́sítírà náà ní owó tó ń wọlé kò ká ohun tó ń jáde, wọ́n fẹ́ gé owó àwọn olórin ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lásìkò kan náà, wọ́n ń ná nǹkan bí 50 mílíọ̀nù dọ́là lórí títún gbọ̀ngán ṣe. Àwọn olórin fárígá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2012, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta, owó oṣù dúró, àṣehàn dúró. Oṣù 16 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn olórin ń ṣètò àṣehàn tara wọn. Stanisław Skrowaczewski tó ti jẹ́ adarí wọn láyé àtijọ́ ló darí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù lọ sí ìlú míì. Ẹ fojú inú wò ó: ohun tí adarí fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ń fọ́ níwájú rẹ̀, ẹnì kan lónìí, ẹnì kan lọ́la.

Ipò adarí ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ burú. Òṣìṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn alákòóso ló gbà á síṣẹ́, àwọn olórin ló sì ń bá ṣe é. Púpọ̀ adarí ló máa ń gbẹ́nu dákẹ́ títí ìjà á fi parí. Vänskä náà kọ́kọ́ dákẹ́, àwọn kan sì bínú sí i nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ìrúwé 2013, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà pé bí wọn kò bá parí ọ̀rọ̀ lásìkò tí àwọn olórin á fi lè múra sílẹ̀ fún Carnegie Hall ní oṣù Kọkànlá, òun máa lọ. Ọjọ́ pé, wọ́n fagi lé Carnegie. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2013, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ bó ti wí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ó darí àṣehàn ìdágbére tí àwọn olórin fúnra wọn ṣètò ní yunifásítì ìlú náà, Emanuel Ax ló sì ta dùrù. Orin tó fi kún un lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Valse triste ti Sibelius. Ó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ tó bá parí. Wọn kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ń nu ojú, wọ́n lọ sílé.

Èmi kò mọ ohun mìíràn tí òkìkí adarí lè jẹ́ ju ìyẹn lọ. Kò sí ẹni tó lè fi owó ra ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n á gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu báyẹn nígbà tí kò tún ní ipò kankan lórí wọn.

Ní oṣù kìíní 2014, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Owó àwọn olórin dín ní ìdá 15 nínú 100, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì. Kí ọjọ́ náà tó dé ni wọ́n kéde ẹ̀bùn Grammy, àwo Símfónì Kìíní àti Ìkẹrin ti Sibelius tí Vänskä àti Minnesota Orchestra gbà sílẹ̀ ló sì gba ti iṣẹ́ ọ́kẹ́sítírà tó dára jù. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, adarí sì ti lọ, nígbà tí ẹ̀bùn náà wọlé.

Símfónì méjèèjì yẹn ni wọ́n ta lálẹ́ àwọn àsíá ní oṣù kẹta. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí Ìkíní ṣe bẹ̀rẹ̀. Onílù tímpánì á máa yí ọ̀pá rẹ̀ lórí awọ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kò ní ju èyí tó ń gba ilẹ̀ wọ ẹsẹ̀ lọ. Lórí ìyẹn, kilarinẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo á gbé ohùn. Kò sí fayolíìnì, kò sí fèrè mìíràn. Orin náà gùn, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afunfèrè ló ni ìṣẹ́jú náà. Púpọ̀ adarí máa ń lu ìlà yẹn fún un, wọ́n á máa ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta lójú rẹ̀. Ẹni tó ti fun kilarinẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé kí òun kàn ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un ni. Burt Hara, tó jẹ́ olórí kilarinẹ́ẹ̀tì Minnesota nígbà tí wọ́n ń gba àwo náà sílẹ̀, ti lọ sí Los Angeles nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹlòmíràn ló fun ún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìjà oṣù 16 ń ná ọ́kẹ́sítírà, kò sì sí nínú ìwé ìṣirò owó ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun máa lọ, wọ́n sì pe Vänskä padà ní oṣù kẹrin. Ó gbà pé kí owó tirẹ̀ náà dín kù bíi ti àwọn olórin.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2015, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà àti Cuba kéde pé àwọn fẹ́ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ padà, Minnesota Orchestra ni ọ́kẹ́sítírà Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé Cuba lẹ́yìn ìkéde náà. Beethoven ni wọ́n ta ní Havana lálẹ́ àkọ́kọ́, Frank Fernández ọmọ Cuba ta dùrù, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ibẹ̀ kọ, àwọn ọ̀dọ́ olórin Cuba sì jókòó ní àga kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà láti ṣe ìdánrawò. Havana tí bàtá àwọn baba wa ń dún títí dòní, ìlú tó gbọ́ orin ni, wọn kì í fi àánú pàtẹ́wọ́.

Ní oṣù kẹjọ 2018, wọ́n kọjá sí South Africa fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Mandela. Kò tíì sí ọ́kẹ́sítírà Amẹ́ríkà irú tiwọn tó rìn dé ibẹ̀ rí. Wọ́n gbé Símfónì Kẹsàn-án ti Beethoven dání, Gauteng Choristers sì para pọ̀ mọ́ Minnesota Chorale láti kọ ọ́. Ní Soweto, wọ́n ṣeré nínú ṣọ́ọ̀ṣì Regina Mundi, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé sá wọ̀ ní 1976 tí ọlọ́pàá sì yìnbọn lé wọn wọlé. Nígbà tó kan àwọn orin ilẹ̀ wọn, àwọn èrò bá wọn kọ ọ́, wọ́n jó. Ọ̀gá akọrin èyíkéyìí tó bá ti dúró níwájú ìjọ adúláwọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀: ìlù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, àwọn èrò ló ń darí. Adarí tí kò fọkàn balẹ̀ á fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Vänskä jẹ́ kó máa lọ.

Ní báyìí, Klaus Mäkelä ni orúkọ tó gbalẹ̀. 1996 ni wọ́n bí i. Ó gba ọ́kẹ́sítírà Oslo ní 2020, ó gba ti Paris ní 2021, ó sì máa gba Concertgebouw ti Amsterdam àti Chicago papọ̀ ní 2027. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò ṣe é jiyàn, mo sì ń fi ayọ̀ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí fún un, ó sì ń bà mí fún àwọn ọ́kẹ́sítírà tí wọ́n ń du ara wọn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó wà nínú ọdún kò ju 52 lọ, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè pín in tí ìlú púpọ̀ á fi gba èyí tó tó wọn. Ó wù mí kó yan ìlú kan láàárín wọn, kó bá wọn dàgbà.

Vänskä parí ní Minneapolis ní oṣù kẹfà 2022. Símfónì Kẹjọ ti Mahler ló fi dágbére: àwọn adákọrin mẹ́jọ, ẹgbẹ́ akọrin ńlá méjì, ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé, dùrù ńlá, pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà tí wọ́n fẹ̀ sí i. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ ariwo orin yẹn, ṣùgbọ́n ibi tó le jù níbẹ̀ ni ìparí apá kejì, níbi tí gbogbo akọrin náà ti gbọ́dọ̀ wọlé jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olùgbọ́ kò ní mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, èmi ò ní fi ibẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́.